Àga Inú Oòrùn ní Kónóńgò

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé 2025. Modákẹ́kẹ́

Ìpàdé ìrìn àjò, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ní pálọ̀ Màmá. Ọ̀gá Fèrè ṣe alága. Ẹ̀gbọ́n mi Abdulwaheed ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí láti ìgbà tó ti ra fèrè rẹfirí nítorí ìrìn àjò. Ó ní bí èèyàn mẹ́rìnlá láti inú ilé kan bá ń rìn nílẹ̀ onílẹ̀, ohùn ẹnu kò lè kó wọn jọ. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó lè gba fèrè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ètò: a ó gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Kùtọnu, a ó sùn ní Lomé, a ó dé Àkírà lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, Kónóńgò, ìlú awakùsà lójú ọ̀nà Kùmásì. Ibẹ̀ ni bàbá wa ti ta aṣọ títí di ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọ̀gá Fèrè sí. Èmi dé lọ́dún 1971, ní Modákẹ́kẹ́, sínú ilé tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ilé Oní-Gáná. A fẹ́ lọ kí a sì bọ̀ kí ààwẹ̀ tó dé.

Bàbá Oyèkúnlé ló fi àdúrà parí ìpàdé. Àbúrò bàbá wa ni. Òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn. Màmá kì í pe orúkọ rẹ̀, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ. "Akọ̀wé" ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, torí òun nìkan ló ń lọ ilé ìwé nígbà yẹn. Ilé ìwé náà ni kò jẹ́ kó bá wọn dé Gáná. Akọ̀wé ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Nígbà tí ilé dá, Màmá ní kí n dúró. Ó ń ká aṣọ. Ó ní òun kò torí Àkírà lọ, òun kò sì torí adágún tí Ìmísí, ọmọ Ọ̀gá Fèrè, ń fi hàn wá lórí fóònù lọ. "Sùmáyà, ibi tí wọ́n sin Bàrákàt sí ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú."

Mo ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Nọ́ọ̀sì kan ló bi í ní iye ọmọ tó bí. Ó ní márùn-ún. Mo fẹ́ ṣàtúnṣe pé mẹ́rin ni wá. Inú ọkọ̀ nígbà tí à ń lọ sílé ló ti dárúkọ ẹ̀karùn-ún fún mi. Bàrákàt ni àkọ́bí. Ibà ló mú un lọ ní Kónóńgò lọ́dún 1966. Ọmọ ọdún mẹ́fà.

Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, bí wọ́n sì ti ṣe é ní Kónóńgò náà nìyẹn. Àwọn àgbà obìnrin jókòó ti Màmá àti Bàbá nínú yàrá. Ọ̀dọ́kùnrin méjì gbé ọmọ náà jáde, wọ́n sì padà dé pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n ti wẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lílé dé. Nínú àwọn méjèèjì, ẹnì kan ti kú: Lágúnjú. Èkejì ni Bàbá Ìdrís, ọmọ àbúrò bàbá àwọn bàbá wa, tó fẹ́ ọmọ Kónóńgò, tí kò sì bá wọn padà wálé mọ́.

Màmá ní kí n bi í. Òun kò lè bi í fúnra òun.

Mo ní mo gbọ́. N kò sọ pé mo máa ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Èrèlé. Òkèrèwè

Mo ti padà sílé mi, mo sì ti di ẹrù. Ibi iṣẹ́ fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan — a óò rí bí àwọn ọmọ ibi ìkówèépamọ́ Yunifásítì yóò ṣe máa rí fáìlì láìsí èmi.

Lẹ́yìn Jímọ̀, mo bi Ààfáà wa bóyá ìyá lè lọ sí sàréè ọmọ rẹ̀. Ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ léèwọ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyá òun ni, òun kò ní í mú un lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé. Lomé

Ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ọ̀gá Fèrè fọn fèrè kí àwọn ọmọ lè tò. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìhà kejì dúró gbagidi. Wọ́n rò pé ọlọ́pàá ni. Ọlọ́pàá gidi wá. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ńlá kó tó di ẹ̀rín. Nígbà tó parí, Màmá na ọwọ́ láti inú ọkọ̀: "Wàhíìdì, gbé e wá." Ó gbé e wá. Ó ti wọ inú báàgì Màmá, ó ku ibi tó máa gbà jáde.

N óò ṣì máa pè é ní Ọ̀gá Fèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé. Àkírà

A wọ Gáná ní Áfíláò láàárọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò bi Màmá pé ṣé ó ti dé ilẹ̀ yìí rí. Màmá dá a lóhùn ní Tuwí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Ó sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dáhùn, Màmá tún sọ. Gbogbo wa dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé onílé. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo ti mọ obìnrin yìí. N kò gbọ́ ọ kó sọ èdè yẹn rí. Ìmísí ní, "Màmá, kí lẹ sọ?" Ó ní, "Mo ní mo ti gbé ibí rí."

Àwọn nǹkan tí mo rí kí ojú mi tó mọ́ wọn lára: "Akwáábà", ẹ káàbọ̀ tiwọn, lára gbogbo ògiri, títí kan ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn awakọ̀ wọn kì í fọn fèrè bí tiwa. Ilẹ̀ pupa, bíi ti ọ̀nà Ìfẹ́tẹ̀dó. Kẹ́ńkẹ́ nínú ewé àgbàdo — Bàbá Oyèkúnlé jẹ mẹ́ta, ó ní ẹ̀kọ tó bínú ni. Wákàtí kan ni aago wọn fi wà lẹ́yìn tiwa. Gbogbo wa yí aago wa padà. Màmá kọ̀. Ó ní aago òun mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Iná kò lọ nílé ìtura. Ìmísí kó fóònù gbogbo ilé sí iná lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ó rò pé wọ́n máa tó mú un lọ. Wọn kò mú un lọ. Bàbá Oyèkúnlé ní kí a má tan ara wa jẹ, àlejò ni wọ́n rí.

Ẹ̀rín pọ̀ lónìí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí n kò mọ̀ bóyá yóò pọ̀ lọ́la.

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé. Kónóńgò

Búrẹ́dì Nsawam lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń tà á ń pe Màmá ní "Maame", ó sì ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn Nsawam, àwọn àwòrán bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìbò ló ń bọ̀: àwòrán gìrìwò lára ògiri, lára òpó iná. Òkú ni gbogbo wọn. Níbí, wọ́n ń lẹ òkú mọ́ ògiri bí a ti ń lẹ ẹni tó ń du ipò gómìnà.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró síwájú ọ̀kan. Ọ̀dọ́kùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Màmá ní kí Ìmísí kà á. Ó ka orúkọ, ó ka ọjọ́ ìsìnkú, ó ka àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀.

Màmá ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ òun àti bàbá rẹ̀ ló ṣíwájú, Màmá."

"Wọ́n máa wà níbẹ̀?"

"Àwọn ló ń pe èèyàn wá, Màmá."

Bàbá Oyèkúnlé ní àṣà kálukú ní ilé rẹ̀. Màmá ń wo àwọn àwòrán náà títí a fi kọjá Nkawkaw, níbi tí òkè ti dúró bí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

A dé lẹ́yìn ìrun Ọ̀sán. Ilé náà ni wọ́n gbé nígbà ayé Bàbá, ilé alámọ̀ tó yí àgbàlá kan po. Bàbá Ìdrís ti rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílé, ó sì ti fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́. Òun ló jáde sí wa. Tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú. Màmá fẹ́ fi eékún tí kò gbà fún un láti ọdún méje kúnlẹ̀.

"Adúmáadán," ló wí. Orúkọ tí Màmá fi ń pe Bàbá Ìdrís nìyẹn láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun.

"Ìyàwó, dìde. Dìde, jàre. Ta ni yóò gbé ọ bí o bá há síbẹ̀?"

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Kò sẹ́ni tó sunkún. Yorùbá Bàbá Ìdrís ni ó kọ̀ tí kò kúrò ní etí mi. Kò sí gẹ̀ẹ́sì kankan nínú rẹ̀; bí àwọn bàbá wa ṣe ń sọ̀rọ̀ kí a tó bí wa ló ṣì ń sọ. Ó ń béèrè àwọn èèyàn Modákẹ́kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn ti kú kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bàbá Oyèkúnlé ló ń dá a lóhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń san gbèsè.

Igi máńgòrò ńlá kan wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀, Abénà, ti to àga sábẹ́ rẹ̀ fún wa. Bàbá Ìdrís gbé ọ̀kan nínú àwọn àga náà fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí n gbà á. Ó gbé e kọjá òjìji igi, ó gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn, ó fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ àga náà títí ó fi jókòó dáadáa sínú ilẹ̀.

"Ìyàwó, níbí ni tìẹ."

Bàbá Oyèkúnlé ní, "Ẹ̀gbọ́n Ìdrís, ṣé oòrùn lẹ fi ń ṣe àlejò níbí ni? Abẹ́ igi ńkọ́?"

"Akọ̀wé, ìwọ jókòó sábẹ́ igi. Ìwé tí o kà ti gba ojú rẹ, o ò lè ríran nínú oòrùn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àga náà, ó wo Bàbá Ìdrís, ó lọ jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀. Màmá tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn nítorí òtútù ẹsẹ̀. Mo rò pé ara rẹ̀ ń gbóná láti inú ọkọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé. Kónóńgò

Ọ̀gá Fèrè wá yàrá tí wọ́n bí i sí. Ó ti di ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí. Ó dúró láàárín ìkòkò, ó ní kí Ìmísí ya òun. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo gbójú kúrò.

Àga Màmá tún wà níbi àná. Oòrùn le. Abénà wá fẹ́ sún àga náà sábẹ́ igi. Bàbá Ìdrís sọ gbólóhùn kan fún un ní Tuwí, obìnrin náà sì fi í sílẹ̀. Bàbá Ìdrís wọlé, ó mú agbòòrùn dúdú kan jáde, ó dúró lẹ́yìn Màmá, ó nà án sí i lórí. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ìgbésẹ̀ mélòó kan ni òjìji igi wà sí i. Mo bi í pé ṣé kí n sún àga náà. Ó ní, "Àga yẹn dára níbẹ̀." Mo gba agbòòrùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó sinmi díẹ̀, ó tún gbà á lọ́wọ́ mi. Ìmísí ya fọ́tò Màmá nígbà tí agbòòrùn kò sí lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Mọ́gàrípù, ó ku èmi àti Bàbá Ìdrís lórí ẹní. Mo bi í. Mo sọ ọ́ tààrà: níbo ni wọ́n sin Bàrákàt sí?

"Ta ló rán ọ?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn? O gbọ́n o. Ìyá rẹ bí ọ dáadáa." Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. "Ohun tí a bò, a bò ó. Sọ fún ẹni tó rán ọ pé mo kí i."

Mo sọ fún Màmá ní yàrá. Ó ní ṣé ó bínú? Mo ní rárá, ó rẹ́rìn-ín. Ó mi orí. "Ó dáa," ló wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò yọrí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé. Kónóńgò

Ọ̀gá Fèrè kó àwọn yòókù lọ sí adágún Bosomtwe. Màmá ní òun ti rí omi rí. Èmi dúró tì í. Bàbá Oyèkúnlé náà kò lọ. Kẹ́ńkẹ́ Àkírà ti bá inú rẹ̀ jà.

Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Màmá jókòó nínú oòrùn, láìwọ bàtà. Bàbá Ìdrís wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn. Bàbá Oyèkúnlé dìde lábẹ́ igi, ó wá dúró síwájú rẹ̀. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Bóyá kò sẹ́ni tó sọ. Ó mọ Màmá.

Ó ní, "Ìyàwó wa, mo mọ ohun tí ẹ bá wá."

Màmá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Akọ̀wé. Inú ńkọ́?"

"Ẹ fi inú mi sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin lẹ ní láyé. Wàhíìdì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Ẹ̀yin lẹ bí wọn, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni wọ́n. Òbí tó bá fojú kan ojú oórì ọmọ, ó ti kọ́ ojú náà lọ́nà. Yóò tún gba ibẹ̀ lọ. Ṣé èyí tó kù lẹ fẹ́ fi wá èyí tó lọ ni?"

Ohùn rẹ̀ kò ga. Ìyẹn ló jẹ́ kó le. Kò ṣe é bí ẹni tó ń fi àṣà ṣe ọ̀gá. Ẹ̀rù ń bà á. Ọmọ kan kú mọ́ òun náà lọ́wọ́ rí, kò sì béèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ.

Màmá jẹ́ kó sọ tán. Ó ní, "Akọ̀wé, ta lẹ rí tó ń wá nǹkan? Àga ni mo jókòó sí."

Bàbá Ìdrís ń wo orí igi máńgòrò, bí ẹni tó ń wo èyí tó ti pọ́n.

Bàbá Oyèkúnlé dúró díẹ̀, ó padà sábẹ́ igi.

N kò gbà pé ojú ìyá lè pa ọmọ. Mo kàwé, mo sì ti bi Ààfáà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá Fèrè ti adágún dé tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí òkè tó gùn níbẹ̀, mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo sì béèrè bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé. Àkírà, ìpadàbọ̀

A kúrò ní Kónóńgò láàárọ̀. Màmá ti jókòó sórí àga náà kí oòrùn tó yọ. Abénà fún un ní gààrí àti aṣọ kan. Nígbà tó tó àkókò, ó wọ bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó rìn lọ sí ọkọ̀, kò wẹ̀yìn.

Bàbá Ìdrís pè mí. "Wá bá mi gbé àga wọlé."

Àga oníke tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé. A dúró tì í, òun ní apá ọ̀tún, èmi ní apá òsì. Kò gbé e.

Ó ní, "Ìwọ àbúrò rẹ̀ ni. Àbúrò lè mọ̀. Wàhíìdì náà lè mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ rí bíi fèrè tí ẹ sọ pé ó rà." Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àga náà, díẹ̀, bí a ti ń fọwọ́ kan ẹni tó ń sùn. "Ibí ni."

Mo sún ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn.

Ó ní òun àti Lágúnjú ló gbẹ́ ẹ. Ó ní nígbà tí òun ra ilé náà, òun kọ́ gbogbo ibòmíràn. Ọmọbìnrin òun fẹ́ kọ́ ilé adìyẹ síbẹ̀, òun kọ̀. Abénà fẹ́ gbin ata, òun kọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gbá a fúnra rẹ̀. Mo wo ilẹ̀ náà. Ojú ìgbálẹ̀ wà lára rẹ̀, fínnífínní. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wò ó tí n kò rí i.

Mo bi í ìdí tó fi gbé Màmá jókòó síbẹ̀ nígbà tó mọ̀ pé èèwọ̀ ni.

Ó ní, "Ìyá ọmọ wá láti ibi tó jìnnà. Ṣé kí n tún gbé e jókòó jìnnà ni?" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. "Mo búra fún bàbá rẹ pé ìyá rẹ kò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kò gbọ́ ọ. Kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ náà. Búra."

Mo búra.

Ó fi ọwọ́ kan gbé àga náà, ó gbé e wọlé.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ Màmá ni mo jókòó. Mo ti di ẹni tó mọ ohun tí ó rán mi láti wádìí, tí kò sì lè jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Mo ń retí kó bi mí. Kò bi mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Èrèlé. Lójú ọ̀nà

Lomé, Kùtọnu, Sẹ̀mẹ̀. Kò bi mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlé. Òkèrèwè

Iná ti lọ. A ti dé ilé.

Ìmísí kó gbogbo fọ́tò sórí ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí wa lórí Wáátsáàpù. Èyí tí àwọn tí kò bá wa lọ dì mọ́ ni ti Màmá nínú oòrùn. Ojú rẹ̀ sún kì nítorí ìmọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, òjìji igi ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò kàn án. Tinúadé láti Ìbàdàn: "Ẹ̀yin mẹ́tàlá ẹ jókòó sábẹ́ igi, ẹ wá ń sá Màmá bí èlùbọ́?" Ẹlòmíràn ní ta ni ó kó bàtà wọn. Ọ̀gá Fèrè fi lẹ́tà ńlá dáhùn pé ètò onílé ni, kí ẹni tí kò bá sanwó ọkọ̀ dákẹ́.

Mo wo fọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́. Èmi nìkan nínú gbogbo ilé ni mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo pa fóònù dé.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé. Òkèrèwè

Mo dé Modákẹ́kẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó, mo bá a ṣà á. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi bí omi gbígbóná. Níbi iṣẹ́, mo ti ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún pípẹ́ wá pé àkọsílẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ẹni tó ni ín rí, kò yàtọ̀ sí èyí tó sọnù. Ta ló ni èyí?

Mo ṣa ẹ̀wà tán. Mo lọ sílé.

Ọjọ́rú, 26 Èrèlé. Òkèrèwè

Màmá pè mí lórí fóònù pé kí n wá mú òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníàwòrán ní Lágere. Ó fẹ́ kí wọ́n tẹ fọ́tò kan, ńlá, kí wọ́n sì fi gíláàsì bò ó. Mo bi í pé èwo. Ó ní, "Èyí tí wọ́n ń torí mi bú yín sí."

Adédàmọ́lá ni orúkọ oníàwòrán náà. Ọmọlúàbí, ó yára. Ó gbé fọ́tò náà sójú kọ̀ǹpútà, ó sì ti gé e kí a tó jókòó: ojú Màmá, gèlè rẹ̀, èjìká rẹ̀. Ó mọ́ rekete.

"Màmá, ẹ wò ó bẹ́ ẹ ṣe gbayì."

Màmá sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

"Màmá, ojú yín ni àwọn èèyàn fẹ́ rí. Ẹ ò wọ bàtà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mú ẹsẹ̀ mi padà."

Ó mú un padà.

"Máa lọ sísàlẹ̀."

"Màmá, ó ti tán. Ilẹ̀ lásán ló kù."

"Ilẹ̀ náà ni mo ní kí o mú wá."

Ó fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní bí òun bá mú gbogbo ilẹ̀ yẹn, férémù tí Màmá yàn kò ní í gbà á. Ó máa mú díẹ̀ lára gèlè lókè.

Màmá ní, "Bó bá jẹ́ pé orí mi ló máa gé kí ilẹ̀ lè wọlé, gé orí."

Adédàmọ́lá wò mí. N kò lè wò ó. Mo di ẹ̀gbẹ́ àga mú.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lẹ́yìn Lágere, Màmá ń wo ìta, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: "Adúmáadán tí mo mọ̀ kì í gbé àgbà sínú oòrùn."

Mo ní, "Màmá—"

"N kò bi ọ́ ní nǹkan kan." Ó fi ọwọ́ lé mi lórí itan. "Ó ti ní kí o búra?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mú un ṣẹ. Òun náà mú tirẹ̀ ṣẹ."

A ti ń wọ Modákẹ́kẹ́. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí òun rí i tó ń fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ àga, ó ṣe é jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Èrèlé. Modákẹ́kẹ́

Wọ́n ti gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀, lókè àga Màmá, ní ibi tí oòrùn àárọ̀ ti máa ń wọlé. Gèlè rẹ̀ gé díẹ̀ lókè. Ilẹ̀ pupa gba ìdajì.

A kóra jọ fún àdúrà ìṣáájú ààwẹ̀. Gbogbo wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà láyé wà níbẹ̀, Ọ̀gá Fèrè pẹ̀lú, ara rẹ̀ le, ó ń pàṣẹ bí wọn yóò ṣe pín sààrì. Màmá ti dá fèrè rẹ̀ padà fún un.

Bàbá Oyèkúnlé dé gbẹ̀yìn. Ó jókòó, ó sì gbójú sókè. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo ilẹ̀. Mo ń wo ojú rẹ̀. N kò lè sọ ohun tó rí níbẹ̀ àti ohun tí kò rí.

Ó ní, "Ìyàwó wa, àwòrán yìí dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Màmá ń to dàbínù sínú abọ́. Kò gbé orí sókè.

"Kò pọ̀ jù, Akọ̀wé," ló wí. "Ó mọ níwọ̀n."